Ọ̀wọ̀ Ẹnu àti Ìtọ́jú Ọwọ́: Àtúngbéyẹ̀wò Ọ̀nà tí Wọ́n Ń Gbà Wọn Ìhà tí Nọ́ọ̀sì Kọ sí Aláìsàn Arúgbó

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú arúgbó ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ni pé Yorùbá kì í fi àgbà ṣeré. Pé ọmọ tí wọ́n bí tí wọ́n kọ́, tí ó mọ bí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá àti bàbá, kò ní ṣàì mọ bí wọ́n ti ń tọ́jú wọn nígbà tí agbára bá tán nínú ara. Láti inú èrò yìí ni àwọn kan ti parí ọ̀rọ̀ sí i pé nọ́ọ̀sì tí ó bá jẹ́ Yorùbá kò nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe kan kí ó tó lè ṣe dáadáa sí aláìsàn tí ó ti darúgbó, nítorí pé ilé ni ó ti kọ́ ọ wá. Bí ìwádìí bá sì wáyé, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì fi èsì rere sínú ìwé ìbéèrè, wọn a ní ẹ̀rí ti dé. Ohun tí ó jẹ iṣẹ́ yìí lógún ni láti fi hàn pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀wọ̀ àti ìtọ́jú, pé òṣùwọ̀n tí ó gbajúmọ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kì í wọn ìkejì rárá, àti pé nígbà mìíràn, ọ̀wọ̀ gan-an ni ó ń dènà ìtọ́jú.

Kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán ni èyí. Ní Nàìjíríà, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú arúgbó kò pọ̀. Ọdún 2012 ni ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH, ṣí ilé tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Tony Anenih. Òfin ọdún 2017 ni ó sì dá ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn tí ó ti darúgbó ṣì ń dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù gbogbogbòò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀kadà gbá. Ìyá tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tàbí bàbá tí egungun itan rẹ̀ dá, kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹ̀mí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà. Bí onímọ̀ bá wá sọ pé ìhà tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ sí i dára, tí wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ láìwo ibi tí ó ti mú un wá, kò sí ẹni tí yóò tún bèèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní òru.

Òṣùwọ̀n Kogan

Nathan Kogan ni ó ṣe òṣùwọ̀n náà jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961. Gbólóhùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì to wọn ní méjì méjì, ìsọ̀rí mẹ́tàdínlógún. Nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan ń bu àwọn arúgbó, ìkejì sì ń yìn wọ́n lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tí ó ń dáhùn yóò sọ bí ó ti gbà á tó, tàbí bí ó ti kọ̀ ọ́ tó. Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí: ó ń ká àwọn tí í gbà sí ohun gbogbo tí wọ́n bá bi wọ́n lọ́wọ́ kò, nítorí pé ẹnu kan náà kò lè gbà pé àwọn arúgbó mọ́ tónítóní kí ó tún gbà pé wọ́n dọ̀tí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni Kogan fi òṣùwọ̀n náà dán wò. Kò ṣe é fún wọ́ọ̀dù, kò sì sọ pé òun ṣe é fún wọ́ọ̀dù. Èrò ọkàn àwọn ọ̀dọ́ nípa àwọn tí ó ti dàgbà ní àwùjọ rẹ̀ ni ó ń wá, ìyẹn ni ó sì rí. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Robert Butler, dókítà ọpọlọ, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìkórìíra tí ó dá lórí ọjọ́ orí, nígbà tí àwọn ará àdúgbò Chevy Chase ń bínú pé ìjọba fẹ́ fi ilé kan fún àwọn arúgbó tálákà ní ìtòsí wọn. Irú àwùjọ tí òṣùwọ̀n náà ti jáde wá nìyẹn: àwùjọ tí ìbéèrè ibi tí ó yẹ kí arúgbó máa gbé ti lè di ọ̀rọ̀ ìjà láàárín àwọn aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà ti rin ìrìn àjò púpọ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n ti gbé e fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn Kogan. Ọrùn àwọn tí ó gbé e kọjá odò láìwo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó ni ó wà.

Àpẹẹrẹ kan tó láti fi hàn. Ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn tí Kogan kà sí ìbúni ni èyí tí ó sọ pé àwọn arúgbó a máa tojú bọ ọ̀ràn ọlọ́ràn, wọn a sì máa fún ènìyàn ní ìmọ̀ràn tí kò bèèrè. Ẹni tí ó bá gbà pé òótọ́ ni, máàkì rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n yóò kà á mọ́ àwọn tí kò fẹ́ràn arúgbó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ àgbà gan-an nìyẹn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò sí ẹni tí ó bi àgbà náà léèrè kí ó tó sọ fún ìyá ọmọ pé orí ọmọ ń yẹ̀. Bí ó bá sì dákẹ́, òun ni wọn yóò bá wí. Nọ́ọ̀sì tí ó bá fi gbogbo ọkàn gbà sí gbólóhùn yìí lè jẹ́ ẹni tí ó ń rántí ìyá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́. Òṣùwọ̀n kò ní mọ̀. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ó ní ó sàn kí àwọn arúgbó máa gbé ní ilé tí ó wà fún ẹgbẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì Yorùbá yóò kọ èyí kíákíá, máàkì rẹ̀ yóò sì gòkè. Kí ni ó kọ̀ gan-an? Ìtìjú ni ó kọ̀, ìtìjú pé kí wọ́n máa wí pé ọmọ lágbájá gbé ìyá rẹ̀ jù sí ilé àwọn àjèjì. Kò tíì sọ ohunkóhun nípa bí òun yóò ti ṣe sí ìyá ẹlòmíràn tí ó wà ní ibùsùn kẹfà.

Àgbà tàbí arúgbó?

Ìṣòro tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ wà nínú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀kọ gbogbo gbólóhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n. Òótọ́ ni pé àwọn nọ́ọ̀sì ka ìwé ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ọkàn tí ó ń dáhùn kì í sábà ronú nípa ìyá àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Kogan lò. Yorùbá ní púpọ̀, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan, ọ̀rọ̀ ipò ni. Ènìyàn a máa jẹ́ àgbà fún ẹnìkan. Nọ́ọ̀sì ẹni àádọ́ta ọdún jẹ́ àgbà fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń tẹ̀lé e kiri wọ́ọ̀dù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò pè é ní arúgbó. Àgbàlagbà sún mọ́ iye ọdún díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àti ìwà ṣì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún ọkùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún tí ó ń ṣe bí ọmọdé pé àgbàlagbà ni. Arúgbó ní tirẹ̀ ń tọ́ka sí ara: eyín tí ó ká, ẹ̀yìn tí ó tẹ̀, ọ̀pá ọwọ́. Àti àgbàyà, tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n fi pe òun, ni orúkọ ẹni tí ọdún rẹ̀ pọ̀ tí ìwà rẹ̀ kò bá a mu. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbó náà kò gbé ojú kan ṣoṣo. Aṣọ tí ó gbó ti fẹ́ di àkísà. Àgbàdo tí ó gbó ti tó kórè. Ẹni tí wọ́n sì ṣàdúrà fún pé yóò gbó, yóò tọ́, àmín ni yóò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì gbé ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn Kogan, èyí tí ó ní ìwà wọn kì í ṣeé yí padà mọ́, kí ó sì fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fi àgbà sí i, ìdúróṣinṣin ni gbólóhùn náà ń yìn. Bí ó bá fi arúgbó sí i, agídí ni ó ń ṣàròyé lé lórí. Ènìyàn kan náà lè gba ti àkọ́kọ́ kí ó sì kọ ìkejì, kí òótọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà méjèèjì. Nígbà náà, máàkì tí nọ́ọ̀sì gbà kò sọ ju ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí àgbà ni ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn níwájú ìwé, nígbà tí ó jẹ́ pé arúgbó ni ó wà lórí ibùsùn.

Èdè inú wọ́ọ̀dù

Àwọn tí ó gbà pé ọ̀wọ̀ àgbà ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí a máa tọ́ka sí bí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń sọ̀rọ̀. Wọn kì í pe aláìsàn arúgbó ní orúkọ. Màmá tàbí Bàbá ni. Wọn kì í fi o bá a sọ̀rọ̀, ẹ ni. Òótọ́ ni gbogbo èyí, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí etí gbọ́ irú gbólóhùn tí ó wọ́pọ̀ bí èyí: “Màmá, ẹ ti tún tọ̀ sára! Kí ló dé tí ẹ kì í pe ènìyàn?” Kò sí àléébù nínú gírámà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kúnlẹ̀, orúkọ ìbátan kúnlẹ̀, ìtumọ̀ nìkan ni ó dúró gangan tí ó ń na ìka sí obìnrin náà níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ná ẹni tí ó sọ ọ́ ní nǹkan kan. Ohun tí ìbá ná an ní nǹkan ni kí ó fa aṣọ yí ibùsùn ká, kí ó pààrọ̀ aṣọ títẹ́, kí ó sì gbé póò wá ní wákàtí tí ó mọ̀ pé ìtọ̀ máa ń gbọ̀n ọ́n.

Àpẹẹrẹ ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdàkejì hàn. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó arúgbó tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú níbẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ àbísọ pe àwọn. Ó máa ń le fún ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀ṣogbo tàbí Adó-Èkìtì láti la ẹnu pe ẹni ọgọ́rin ọdún ní Mary. Nígbà tí ó bá sì pè é bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ó dín nínú omi tí ó fi wẹ̀ ẹ́ tàbí nínú sùúrù tí ó fi bọ́ ọ. Bí orúkọ láìsí ọ̀wọ̀ Yorùbá bá lè bá ìtọ́jú rere rìn, tí ẹ àti Màmá sì lè bá ìkọ̀sílẹ̀ rìn, kò sí ìdí láti máa fi ọ̀kan ṣe ẹ̀rí èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò jù ni ibi tí ọ̀wọ̀ ti di odi. Ìtọ́jú arúgbó jẹ́ iṣẹ́ ara: ìdí, abẹ́, ìgbẹ́, ìtọ̀. Ìhòòhò ẹni tí ó tó bí ìyá ẹni jẹ́ ohun tí ojú ń sá fún nínú àṣà Yorùbá. Nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ ilé rere, nítorí ọ̀wọ̀ gan-an, lè na kànìnkàìn àti ọṣẹ sí ọmọbìnrin aláìsàn náà kí ó sì jáde. Ó lè má bi bàbá náà bóyá ó ti ń yàgbẹ́, nítorí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́nu ọmọdé. Nípa báyìí, ẹni tí ó gba máàkì tí ó ga jù lórí òṣùwọ̀n Kogan lè jẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan aláìsàn náà kéré jù. Wọn a máa fi òwe gbe èyí lẹ́sẹ̀: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n ẹ wo òwe náà dáadáa. Ọmọ ni ó dárúkọ. Kò sọ̀rọ̀ nípa àjèjì tí ó ń gba owó oṣù. Ní ilé ìwòsàn tí ó ti jẹ́ àṣà kí ẹbí máa sùn ti aláìsàn, kí wọ́n máa wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa bọ́ ọ, òkété rí ọmú mu níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà nítòsí. Ẹni tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Toronto, tàbí tí kò bímọ, ni òwe náà kò ní ohun tí ó lè sọ fún.

Kò yẹ kí wọ́n di gbogbo ẹrù yìí lé àṣà Yorùbá lórí. Wọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí Yorùbá dá sílẹ̀. Ètò rẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Kọ́fowórọlá Pratt, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ jẹ́ mátíróònì ní UCH ní àárín àwọn ọdún 1960, ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni Isabel Menzies ti fi hàn ní ọdún 1960 pé wọ́n ń pín iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí wẹ́wẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan má baà pẹ́ jù lọ́dọ̀ aláìsàn kan: ẹnìkan yóò wọn ara gbogbo wọn, ẹlòmíràn yóò pín oògùn fún gbogbo wọn. Ó ní ètò náà ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìbẹ̀rù tí ó wà nínú iṣẹ́ wọn. Nígbà tí irú ètò yìí pàdé ojútì tí àṣà Yorùbá ní sí ara àgbà, àwọn méjèèjì mọ ara wọn bí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

Ẹ̀yìn aláìsàn

Bí ìwé ìbéèrè kò bá rí ọwọ́, kí ni yóò rí i? Ọdún kan péré lẹ́yìn òṣùwọ̀n Kogan, ní 1962, ni Doreen Norton, Rhoda McLaren àti Exton-Smith tẹ àbájáde ìwádìí tiwọn lórí ìtọ́jú arúgbó ní ilé ìwòsàn jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn kò bi nọ́ọ̀sì ní ohun tí ó rò. Ara arúgbó ni wọ́n wò. Egbò tí ó máa ń yọ ní ìdí, ní ìgbáròkó àti ní gìgísẹ̀ ẹni tí ó pẹ́ lórí ibùsùn ni wọ́n fi ṣe ojú iṣẹ́. Òṣùwọ̀n wọn kò ní ju ohun márùn-ún lọ: bí ara ti rí, bí ọkàn ti já sí, bóyá aláìsàn ń rìn, bóyá ó lè yí ara rẹ̀ padà, àti bóyá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan sí mẹ́rin. Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ kò bá ju 14 lọ wà nínú ewu. Ohun tí ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ewu náà ju kí wọ́n máa fi oríṣiríṣi ìpara ra awọ ara rẹ̀ lọ ni kí wọ́n máa yí i padà déédéé, tọ̀sán tòru.

Kò sí ọ̀wọ̀ ẹnu tí ó lè yí ènìyàn padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn aláìsàn fi jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó sàn ju ìwé ìbéèrè lọ. Síbẹ̀ ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra pẹ̀lú ẹlẹ́rìí yìí náà. Egbò kì í sọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì tí ó dá wà ní òru pẹ̀lú wọ́ọ̀dù tí ó kún, tí kò rí ẹni bá a gbé aláìsàn tí ó wúwo, lè ní ọkàn tí ó dára kí ẹ̀yìn aláìsàn rẹ̀ sì jẹrà. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ débi pé ní 2024 àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn kéde pé ó di dandan kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì nílé kí àwọn tó jẹ́rìí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tí ó ń ka ìhà tí nọ́ọ̀sì kọ sí arúgbó bí ẹni pé ìwà ẹnìkọ̀ọ̀kan nìkan ni, wọ́n ti gbàgbé láti ka iye àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe irinṣẹ́ tí ó sàn ju èyí lọ, nítorí pé wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ rí ní Ìbàdàn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Indianapolis ń wá àìsàn tí í mú kí iyè arúgbó ra, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 tí àbájáde rẹ̀ ní 2001 fi hàn pé àìsàn náà kò mú àwọn arúgbó Yorùbá ní Ìbàdàn tó bí ó ti ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, wọn kò kàn gbé ìbéèrè òyìnbó kalẹ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì pààrọ̀ ohun tí kò bá ibẹ̀ mu. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn kò fi mọ sí ọ̀dọ̀ arúgbó nìkan. Wọ́n bi ẹbí tí ó ń bá a gbé. Ohun tí ó fà á tí èyí fi wúlò nìyí: ìyá tí iyè rẹ̀ ti ra a máa sọ̀rọ̀ lóru. Nínú wọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dún létí ẹni tí ó gbà pé àjẹ́ ń ká. Nọ́ọ̀sì náà yóò rọra yẹra fún ibùsùn rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sí ìkan nínú gbólóhùn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí ó lè mú èyí jáde, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó sùn sórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn kejì rí i.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìwádìí tí ń bọ̀ bi léèrè, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò ní àgbà tàbí arúgbó nínú rárá: ta ni ó pààrọ̀ aṣọ ìyá yẹn lánàá? Nígbà wo ni wọ́n yí i padà gbẹ̀yìn? Bí ẹ bá lọ sílé lọ wẹ̀, ta ni ó ń fún un lómi?